Ṣáínà Lójú Àwọn Ayàwòrán Yúróòpù Àtijọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tó bá rí àwòrán àtijọ́ kan tí wọ́n kọ orúkọ Ṣáínà sí lábẹ́, tó sì fẹ́ mọ ohun tó ń wò gan-an. Láti nǹkan bí ọdún 1500 títí dé 1900 la dúró sí.

Ṣé àwọn tó ya àwòrán wọ̀nyí tiẹ̀ dé Ṣáínà?

Ọ̀pọ̀ wọn kò débẹ̀. Róòmù ni Athanasius Kircher jókòó sí nígbà tó ń kọ ìwé rẹ̀ lórí Ṣáínà, èyí tó jáde ní Amsterdam ní 1667. Lẹ́tà àti ìròyìn àwọn àlùfáà Jésúítì, ẹgbẹ́ Kátólíìkì tí òun náà wà, tó wà lọ́hùn-ún ló fi ṣiṣẹ́. Jean-Baptiste Du Halde kó ìwé ńlá mẹ́rin jáde ní Paris ní 1735 láìfi ojú kan Ṣáínà rí. François Boucher, ayàwòrán ará Faransé, kò débẹ̀. Thomas Allom, tí àwòrán rẹ̀ bí 120 jáde ní London ní 1843, tí wọ́n sì ń tà lọ́jà di òní, òun náà kò débẹ̀.

Àwọn tó débẹ̀ kò pọ̀: Johan Nieuhof láàárín 1655 sí 1657, William Chambers tó bá ọkọ̀ àwọn oníṣòwò Sweden lọ sí Canton, ìlú èbúté ní gúúsù Ṣáínà, ní àwọn ọdún 1740, William Alexander ní 1793, Auguste Borget ní 1838. Ẹ fi àwọn àlùfáà Jésúítì tó ń gbé ààfin ọba ní Beijing kún un.

Ṣùgbọ́n kí ayàwòrán débẹ̀ nìkan kò tó. Kí àwòrán tó dé inú ìwé, ó ti gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta ó kéré tán: ẹni tó yà á, ẹni tó fín in sára bàbà, àti atẹ̀wé tó fẹ́ kó tà. Nítorí náà, ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ níwájú àwòrán kọ̀ọ̀kan ni èwo nínú àwọn mẹ́ta yìí ló fi ohun tí òun ń wò síbẹ̀. Gbogbo ìdáhùn tó kù lórí ojú ìwé yìí, ọ̀nà láti dáhùn ìbéèrè yẹn ni.

Ta ni Nieuhof, kí ló dé tí orúkọ rẹ̀ fi ń jáde níbi gbogbo?

Ìríjú ni fún àwọn aṣojú tí VOC, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Nẹ́dálándì, rán sí ọba Ṣáínà ní 1655. Orí omi ni wọ́n gbà láti Canton, odò àti ipa-omi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, títí wọ́n fi dé Beijing ní oṣù keje ọdún 1656. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìríjú, wọ́n ní kó máa ya ìlú, odò àti ilé tó bá rí lọ́nà. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1665 láti ọ̀dọ̀ Jacob van Meurs, atẹ̀wé kan ní Amsterdam, pẹ̀lú àwòrán bí 150. Kí ọdún márùn-ún tó pé, ó ti wà ní èdè Faransé, Jámánì, Látìnì àti Gẹ̀ẹ́sì. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ ya Ṣáínà ní Yúróòpù, inú ìwé yìí ló ti ń wá ohun tí yóò yà.

Ní 1984 ni wọ́n rí ìwé tí Nieuhof fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní Paris, tòun ti àwọn àwòrán tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí van Meurs tẹ̀, ìyàtọ̀ sì hàn gbangba. Ti Nieuhof kò lọ́ṣọ̀ọ́: ìlà odi ìlú, odò, ọkọ̀ díẹ̀, iwájú àwòrán ṣófo. Àwọn tó ń fín àwòrán ní Amsterdam kò fẹ́ràn àyè tó ṣófo. Wọ́n gbin igi ọ̀pẹ síwájú, wọ́n kó èrò síbẹ̀, wọ́n ṣe òkè ní ṣóńṣó. Ọ̀pẹ yẹn ni kẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pẹ ń hù ní gúúsù Ṣáínà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i ní Beijing, níbi tí omi ti ń dì gbagidi nígbà òtútù, Amsterdam ló ti hù.

Ilé gogoro tó wà ní Nanjing, àjà mélòó ló ní?

Mẹ́sàn-án. Ọba Yongle ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùndínlógún, wọ́n fi bíríkì funfun dídán bo ara rẹ̀, ogun abẹ́lé Taiping sì wó o ní 1856. Nínú àwòrán tó wà nínú ìwé Nieuhof, mẹ́wàá ni àjà rẹ̀. Ẹ ka á fúnra yín.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ohun kékeré, nítorí irú ilé gogoro bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ ti ẹ̀sìn Búdà sábà máa ń ní àjà tí iye rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì: 5, 7, 9, 13. Àwòrán yìí ló sì di àwòrán ilé gogoro Ṣáínà tí Yúróòpù mọ̀ jù. Wọ́n tún un yà sínú ìwé mìíràn, sára àwo, sára aṣọ ògiri. Nígbà tí William Chambers parí ilé gogoro tó wà nínú ọgbà Kew ní London ní 1762, àjà mẹ́wàá ló kọ́ ọ ní. Ó ṣì wà níbẹ̀, ó ga tó bíi mítà 50. Dírágónì 80 tó wà ní igun òrùlé rẹ̀ ni wọ́n kó kúrò ní 1784. Ní 2018 ni wọ́n tó dá àwọn tuntun padà síbẹ̀.

Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ yìí kan apá ọ̀dọ̀ tiwa rárá?

Ó kàn án tààrà. Ilé ìtẹ̀wé Jacob van Meurs kan náà tó gbé ìwé Nieuhof jáde ló tẹ ìwé Olfert Dapper lórí Áfíríkà ní 1668. Inú rẹ̀ ni àwòrán ìlú Benin tí gbogbo èèyàn mọ̀ wà: Ọba lórí ẹṣin, àwọn onílù, ẹkùn tí wọ́n fi okùn mú, ilé gogoro pẹ̀lú ẹyẹ lórí òrùlé. Ní 1670, Dapper kan náà kọ ti Ṣáínà, van Meurs kan náà sì tẹ̀ ẹ́. Dapper kò dé Benin, kò dé Ṣáínà. Ìròyìn àwọn oníṣòwò àti ìwé àwọn ẹlòmíràn ló fi ṣe méjèèjì. Ní London, John Ogilby túmọ̀ ìwé Nieuhof sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1669, ó sì gbé ti Áfíríkà jáde ní 1670.

Inú ìwé ti Áfíríkà yẹn náà ni orúkọ Ulkami wà, ìjọba ńlá kan láàárín Arda àti Benin, tí ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé Ọ̀yọ́ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán Benin ti 1668 mọ bí wọ́n ṣe ń ka ti Beijing. Kì í sì ṣe pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀ o. Ẹyẹ tó wà lórí òrùlé ààfin Benin nínú àwòrán Dapper, a rí i lára àwọn iṣẹ́ idẹ Benin fúnra wọn. Ìròyìn lè jẹ́ òótọ́ kí àwòrán tí wọ́n fi í yà sì jẹ́ àròsọ.

Báwo ni àwòrán ṣe ń ti ọwọ́ ayàwòrán dé inú ìwé, ibo ló sì ti ń bàjẹ́?

Ayàwòrán yóò kọ́kọ́ yà á sórí ìwé, lọ́pọ̀ ìgbà ní kékeré, nínú ọkọ̀ ojú omi tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí ó bá délé, òun tàbí ẹlòmíràn yóò tún un yà ní ìwọ̀n tí ó máa gbà nínú ìwé. Ibi àkọ́kọ́ tí ó ti ń bàjẹ́ nìyí, torí pé odò tó gbòòrò ní láti wọ inú ojú ìwé tó ga, ni wọ́n bá ń fún ilé pọ̀, wọ́n ń fa òkè sókè.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ẹfun pa ẹ̀yìn ìwé náà, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí bàbà tí wọ́n ti fi ìda bò, wọ́n á sì tọ gbogbo ìlà rẹ̀ kí ó lè hàn lára bàbà. Ẹni tó ń fín in á wá mú irin ṣóńṣó, á gbẹ́ ìlà náà wọlé bí ẹni ń fín igbá, tàbí kó jẹ́ kí ásíìdì jẹ ẹ́ wọlé. Wọ́n á mú bàbà náà gbóná, wọ́n á fi tàdáwà kún inú ìlà, wọ́n á fi aṣọ àti àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀ mọ́, kí tàdáwà kù sínú kòtò nìkan. Wọ́n á tẹ́ ìwé tútù lé e, wọ́n á gbé e gba àárín igi róbótó méjì tó ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí ìwé bá gbẹ tán, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkùn lọ́dà ni yóò fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ewu tó tóbi jù nínú gbogbo èyí ni pé àwòrán máa ń yí. Ohun tó wà lọ́tùn-ún lára bàbà, òsì ni yóò wà lórí ìwé. Ẹni tó mọṣẹ́ á ti yà á ní òdì tẹ́lẹ̀ kí ó lè padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ó gba àkókò, iṣẹ́ àsáré kì í sì í rí i ṣe. Àkọlé kì í yí, torí gbogbo èèyàn ló máa rí i bó bá yí, nítorí náà òdì ni wọ́n máa ń fín lẹ́tà. Ẹ má ṣe tìtorí pé àkọlé tọ́ kí ẹ gbà pé àwòrán tó wà lókè rẹ̀ tọ́.

Ibi tí ó tún ti ń bàjẹ́ ni lẹ́tà Ṣáínà. Ẹni tó ń fín in kò lè kà á. Ìlà kan á jábọ́, méjì á so pọ̀, nígbà mìíràn gbogbo rẹ̀ á dorí kodò. Ìwé tí lẹ́tà Ṣáínà inú rẹ̀ bá ṣeé kà dáadáa, ẹni tó mọ èdè náà ti dúró ti iṣẹ́ ọ̀hún.

Báwo ni mo ṣe lè fi aṣọ àti irun mọ àwòrán tó tọ́?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àyà. Ẹ̀wù gígùn ti Ṣáínà, apá òsì aṣọ ló ń wá sórí apá ọ̀tún, ọ̀tún ẹni tó wọ̀ ọ́ ni wọ́n sì ti ń dè é. Lójú ẹni tó ń wo àwòrán, ìdè yẹn máa wà lápá òsì. Bí gbogbo èèyàn inú àwòrán bá de tiwọn ní òdì kejì, tí ẹni tó ń kọ̀wé sì ń fi ọwọ́ òsì kọ, àwòrán náà ti yí nígbà títẹ̀. Òkú ni àṣà àtijọ́ ní kí wọ́n dè é fún lápá òsì. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ẹ̀wù kékeré kan wà tó ń dè láàárín. Ẹ má fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí.

Irun ló kàn. Àwọn Manchu, ẹ̀yà kan láti àríwá ìlà-oòrùn, gba Beijing ní 1644, ní ọdún kejì wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo ọkùnrin fá iwájú orí, kí wọ́n sì di irun tó kù ní ìdì kan gbọọrọ sẹ́yìn. Nítorí náà, àwòrán tó bá sọ pé òun ń fi ìlú hàn ní 1750, tí àwọn ọkùnrin inú rẹ̀ sì di gbogbo irun wọn sí àárín orí, kì í ṣe ará ìlú ni ayàwòrán wò. Ibi tí ó ti sábà máa ń rí i ni ara àwo tánganran, torí pé àwọn oníṣẹ́ Ṣáínà fúnra wọn ṣì ń ya àwọn èèyàn inú eré àti ìtàn àtijọ́ sára àwo, pẹ̀lú aṣọ ìgbà Ming, ìdílé ọba tó wà lórí oyè kí Manchu tó dé. Ayàwòrán Yúróòpù rò pé aṣọ ọjọ́ òní ni.

Àwọn ìjòyè ọba ní àmì onígun mẹ́rin láyà àti lẹ́yìn: ẹyẹ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìwé, ẹran fún àwọn ọmọ ogun. Fún ipò kìíní nínú iṣẹ́ ìwé, ẹyẹ àkọ̀ ni. Àwọn tó ń fín àwòrán sábà máa ń sọ ọ́ di òdòdó tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ lófìfo. Dírágónì ọba ní èékánná márùn-ún lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan; bí ẹ bá ka mẹ́ta lára aṣọ ẹni tí wọ́n pè ní ọba, ẹni tó yà á kò rí aṣọ náà. Àwọn obìnrin Manchu kì í di ẹsẹ̀ wọn, nítorí náà ayaba ìgbà Qing, ìyẹn ìgbà ìjọba Manchu, tó ní ẹsẹ̀ kékeré bí ọmọ ọwọ́, ohun tí òǹkàwé ń retí ni wọ́n yà fún un.

Ìgbà wo ni nǹkan Ṣáínà kọ́kọ́ wọ inú àwòrán ọlọ́dà ní Yúróòpù?

Àwo ló ṣáájú èèyàn. Nínú àwòrán àsè àwọn òrìṣà tí Giovanni Bellini parí ní Venice ní 1514, tó wà ní National Gallery of Art ní Washington báyìí, àwọn abọ́ tánganran aláwọ̀ búlúù àti funfun ti ìgbà Ming ni wọ́n fi ń gbé oúnjẹ. Ọ̀wọ́n ni àwo bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ìdí nìyẹn tó fi yẹ òrìṣà.

Ní 1603 àwọn ará Nẹ́dálándì gba ọkọ̀ Pọ́túgàl kan, Santa Catarina, wọ́n sì ta ẹrù àwo inú rẹ̀ ní gbàǹjo ní Amsterdam ní 1604. Láti ìgbà náà ni àwo Ṣáínà ti ń wọ ilé àwọn olówó ìlú. Ẹ wo Willem Kalf, tó ń ya abọ́ Ṣáínà pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ àti gíláàsì, tàbí obìnrin tí Vermeer, ará Nẹ́dálándì bíi tirẹ̀, yà níbi tó ti ń ka lẹ́tà létí fèrèsé, tó wà ní Dresden: abọ́ èso iwájú rẹ̀, ará Ṣáínà ni. Àwòrán irú èyí ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù nínú gbogbo ohun tí à ń sọ, torí pé ayàwòrán ń wo abọ́ náà níwájú rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ nípa àwo lè fi í sọ ọjọ́ orí abọ́ náà.

Ṣé àwo Delft àti àwo Ṣáínà kò kúkú jọra?

Ojú wọn jọra, ara wọn kò jọra. Nígbà tí ogun bo Ṣáínà ní àwọn ọdún 1640, tí àwo kò wá dáadáa mọ́, àwọn amọ̀kòkò Delft, ìlú kan ní Nẹ́dálándì, gba ọjà náà. Àwo amọ̀ lásán ni tiwọn, tí wọ́n da ọ̀dà funfun bò, tí wọ́n sì ya búlúù sí. Iná tí wọ́n fi ń sun ún kò ju nǹkan bí 1000°C lọ. Tánganran gidi ń fẹ́ bíi 1300°C.

Ẹ wo etí ibi tó bá ti họ. Bí inú rẹ̀ bá pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí kó dà bí àwọ̀ iyanrìn, Delft tàbí irú rẹ̀ ni. Bí ó bá funfun láti òde dé inú, tí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì sì ń là á kọjá níbi tó ti fẹ́lẹ́, tánganran ni. Meissen ní Jámánì ló kọ́kọ́ ṣe tánganran gidi ní Yúróòpù, láti 1710, níbi tí Johann Gregorius Höroldt ti ya àwọn ará Ṣáínà tó ń mu tíì, tí wọ́n ń fò lẹ́yìn labalábá ńlá. Augustus, olórí Saxony tó tún jẹ́ ọba Poland, fẹ́ràn àwo débi pé ní 1717 ó fi ọmọ ogun 600 gba àwo 151 lọ́wọ́ ọba Prussia.

Àwo búlúù tó ní igi, afárá, èèyàn mẹ́ta àti ẹyẹ méjì: ṣé ìtàn Ṣáínà ni?

Rárá. Ní Staffordshire, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti to ó jọ ní nǹkan bí 1790, láti inú àwòrán oríṣiríṣi tó wà lára àwo Ṣáínà. Ìtàn ọmọbìnrin ìjòyè tó bá akọ̀wé bàbá rẹ̀ sá lọ, tí wọ́n sì di ẹyẹ méjì, tún dé lẹ́yìn àwo náà: ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan ló gbé e jáde ní 1849. Wọ́n ta àwo fún bí ọgọ́ta ọdún kí wọ́n tó rí ìtàn fi tà á sí i.

Gbogbo àwo wọ̀nyí jọra nítorí pé ẹnikẹ́ni kò yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fín àwòrán sára bàbà, wọ́n po kóbáltì, ohun tó ń mú búlúù jáde, pọ̀ mọ́ òróró, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n sì lẹ ìwé náà mọ́ àwo tí wọ́n ti sun lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n mọ́ra, wọ́n á fi omi wẹ ìwé kúrò, wọ́n á sun òróró dànù, wọ́n á da ọ̀dà dídán bò ó, wọ́n á tún sun ún. Ẹ wo ibi tí ọ̀ṣọ́ etí àwo ti pàdé: bí ìlà kò bá ṣe déédéé níbẹ̀, ibi tí ìwé ti parí nìyẹn.

Kí ni chinoiserie? Ṣé irọ́ ni ká pè é?

Chinoiserie ni iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ tí Yúróòpù ṣe lójú ara rẹ̀ ní ìrísí Ṣáínà, pàápàá láti nǹkan bí 1690 títí dé 1770. Ilé aṣọ híhun Beauvais ní Faransé hun ìtàn ọba Ṣáínà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Boucher fi àwòrán mẹ́jọ irú rẹ̀ hàn ní Paris ní 1742. Àwọn àwòrán náà wà ní Besançon. Jean Pillement tẹ àwọn ọ̀ṣọ́ kéékèèké tí ẹni tó ń hun aṣọ tàbí tó ń ya ògiri lè gé mú. Ní Potsdam, Frederick ọba Prussia kọ́ ilé Ṣáínà kan láàárín 1755 sí 1764: ọ̀pẹ aláwọ̀ wúrà ni òpó rẹ̀, àwọn ère olórin jókòó sí ìdí wọn. Ọ̀pẹ náà ló tún dé yìí.

Lójú tiwa, kò yẹ ká pè é nírọ́, torí kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ̀rí ni. Ohun tó kọ ọ̀nà ni kéèyàn mú Boucher láti fi kọ́ ọmọ ilé ìwé bí wọ́n ṣe ń pẹja ní Ṣáínà.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ya ìpàdé Macartney pẹ̀lú ọba Ṣáínà kí ó tó ṣẹlẹ̀?

Lóòótọ́ ni. Lord Macartney ni aṣojú àkọ́kọ́ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì rán tó dé iwájú ọba Ṣáínà. Ọkọ̀ rẹ̀ kúrò ní Portsmouth ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 1792. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí James Gillray yà lórí ìpàdé náà ní déètì ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án 1792, ọjọ́ méjìlá kí ọkọ̀ tó ṣí. Ọba sanra, ó ń mu kòkò tábà, ojú rẹ̀ fi hàn pé ọ̀ràn náà sú u. Macartney kúnlẹ̀ lórí eékún kan, wọ́n kó ohun ìṣeré ọmọdé síwájú rẹ̀ bí ẹ̀bùn. Ìpàdé gidi wáyé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án 1793, ọdún kan géérégé sí déètì yẹn. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì sì ròyìn pé eékún kan ni Macartney kúnlẹ̀. Gillray kò ríran o; wọ́n ti mọ̀ nípa àṣà ìforíbalẹ̀ níwájú ọba Ṣáínà kí wọ́n tó lọ.

Àwòrán William Alexander ni wọ́n sábà máa ń gbé kalẹ̀ bí àtúnṣe sí ti Gillray. Alexander débẹ̀, ojú rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ sì yára: ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ àwòrán rẹ̀ ló wà ní British Library. Ẹ fọkàn tán an lórí ọkọ̀ ojú omi, ọmọ ogun, ọlọ́jà, aṣọ òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Macartney lọ bá ọba ní Jehol, ààfin rẹ̀ tó wà lẹ́yìn òde Beijing, Beijing ni wọ́n fi Alexander sílẹ̀ sí. Kò rí ìpàdé náà, kò sì rí Odi Gbọọrọ. Àwòrán odi tí ó yà, èyí tí Parish, ọmọ ogun kan tó bá Macartney lọ, yà tó gbé wá ló wò. Ìdajì ìwé kan náà lè jẹ́ ohun tí ojú rí, kí ìdajì jẹ́ ohun tí etí gbọ́.

Ṣé àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn kò ya àwòrán fún òyìnbó ni?

Wọ́n yà á gan-an, wọ́n sì fi ṣòwò. Ní Canton, ṣọ́ọ̀bù wà níbi tí ẹnì kan ti ń ya ojú, ẹlòmíràn ń ya aṣọ, ẹlòmíràn ń ya ẹ̀yìn. Ìwé àwòrán aṣọ tí George Henry Mason gbé jáde ní London ní 1800, àwòrán 60, ọwọ́ oníṣẹ́ Canton kan tó ń jẹ́ Pu Qua ló ti wá. Ní ọdún 1801 Mason gbé àwòrán 22 ti ìjìyà ọ̀daràn jáde. Ìyẹn ló pẹ́ lójú òyìnbó jù, ó sì ba orúkọ jẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè kan, nígbà tí ní London gan-an wọ́n ṣì ń yẹgi fún olè.

Láti àwọn ọdún 1820 ni àwọn àwòrán kéékèèké orí fùkẹ́fùkẹ́ igi ti gbòde, méjìlá-méjìlá nínú ìwé aláṣọ síliìkì. Wọ́n máa ń pè é ní ìwé ìrẹsì, ṣùgbọ́n inú igi Tetrapanax ni wọ́n ti ń bẹ́ ẹ yí po. Ó ń fọ́ bí bískíìtì. Ẹ má ká a, ẹ má lẹ gọ́ọ̀mù mọ́ ọn, ẹ má fi omi nù ún.

Lamqua ló lókìkí jù láàárín wọn. Òun ló ya àwọn aláìsàn tó ní kókó ńlá fún dókítà Peter Parker ní ilé ìwòsàn Canton láti 1836. Ní ààfin, ọ̀nà gbà lódì kejì: Giuseppe Castiglione, ará Ítálì, dé ní 1715, ó sì ya àwòrán fún ọba mẹ́ta títí tó fi kú ní 1766. Àwòrán ogun 16 tí òun àti àwọn míṣọ́nnárì mìíràn yà, Paris ni wọ́n fín wọn sí. Ẹ̀dà kékeré tí Helman, ẹni tó ń fín àwòrán, ṣe ní àwọn ọdún 1780 ni ẹ sábà máa rí lọ́jà, kì í ṣe ti àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ojú ará Ṣáínà kan pàtó tí ayàwòrán òyìnbó wò tààrà, ẹ wá Shen Fuzong, tí Godfrey Kneller yà ní 1687 fún ọba James Kejì. Ọdún náà ni Shen ran ilé ìkàwé Bodleian ní Oxford lọ́wọ́ láti mọ ohun tó wà nínú àwọn ìwé Ṣáínà wọn.

Kí ló sọ ojú àwòrán dà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún?

Ogun àti òwò ọ́píọ̀mù. Ẹni tí o fẹ́ rajà lọ́wọ́ rẹ̀, o máa yà á lẹ́wà. Ẹni tí o ń bá jà, rárá. Ìwé ìròyìn alápèjúwe tún dé, tí wọ́n ń fín àwòrán sára pákó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tó ṣókí jù ni ti Le Petit Journal, ọjọ́ 16 oṣù kìíní 1898: Victoria ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wilhelm ti Jámánì, Nicholas ti Rọ́ṣíà, Faransé àti Jàpáàn jókòó yí kéèkì tí wọ́n kọ Ṣáínà sí ká, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́, ìjòyè Ṣáínà kan sì na ọwọ́ sókè lẹ́yìn wọn. Lọ́dún tó ṣáájú ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Benin.

Mo fẹ́ ra ọ̀kan. Báwo ni mo ṣe máa mọ ojúlówó?

Ẹ mú gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá, àti tọ́ọ̀ṣì. Ẹ kọ́kọ́ wo ìlà lábẹ́ gíláàsì. Bí ẹ bá rí ẹ̀kán tóótòòtó tó tò létòlétò, fọ́tò ni wọ́n fi ṣe é, láti nǹkan bí 1880 síwájú ni. Bí ó bá jẹ́ ìlà tí etí rẹ̀ mú, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kí ìmọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ sílẹ̀: àwòrán orí bàbà máa ń fi ojú onígun mẹ́rin tó tẹ̀ wọlé yí ara rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gé etí ìwé dé ibi àwòrán, àmì yẹn ti lọ, iye rẹ̀ sì ti wálẹ̀.

Ẹ gbé ìwé sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ìlà tín-ín-rín tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló wà nínú ìwé ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Bí ẹni tó ń tà á bá ní ti Nieuhof ni, 1665, tí kò sì sí ìlà kankan nínú ìwé náà, ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀dà ni ẹ̀tàn ń pọ̀ sí jù: púpọ̀ nínú àwòrán Allom ló jáde láìkùn, tí àwọn oníṣòwò sì kùn lẹ́yìn náà kí ó lè wọ́n. Ọ̀dà tuntun máa ń tàn jù, ó sì máa ń wà lórí àbàwọ́n ìwé dípò abẹ́ rẹ̀.

Ibo ni mo ti lè rí wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Rijksmuseum ní Amsterdam, Metropolitan Museum ní New York, Getty ní Los Angeles, Gallica ti ilé ìkàwé ìjọba Faransé, àti Wellcome Collection ní London. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ní ẹ lè gbà sílẹ̀ ní ìwọ̀n ńlá, ẹ sì lè lò ó. Àwárí ló ń ṣòro, torí orúkọ àtijọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́: ẹ wá Peking, Pekin, Canton, Nankin, ẹ kọ Nieuhof, Nieuhoff àti Neuhof. Ní Gallica, Chine ni kẹ́ ẹ kọ.

Bí ẹ bá rí àwòrán tán, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lápá òsì, tí "del." tẹ̀ lé, ni orúkọ ẹni tó yà á, ti apá ọ̀tún, tí "sculp." tẹ̀ lé, ni ẹni tó fín in, àárín ni atẹ̀wé àti ọdún. Bí àwòrán tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti gé ìlà yẹn kúrò, ẹ wá ẹ̀dà mìíràn tó ṣì ní in.